Ọjọ́ Tí Wọ́n Kó Àwọn Òkú Kúrò Lórí Òkè

Obìnrin méjì ló kù nínú ilé náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó àbúrò. Orí ìyàwó àbúrò ti funfun bí òwú, síbẹ̀ ìyálé rẹ̀ ò yéé pè é ní Ìyàwó. "Ìyàwó, ṣé o ti pa iná?" "Ìyàwó, ta ló ń kan ilẹ̀kùn?" Nígbà tí àdúgbò ṣì ní ọmọdé, àwọn ọmọ náà rò pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Aránṣọ ni àwọn ará ìta ń pè é, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyálé rẹ̀ ni Ìyá Pupa, ẹni tí eruku èédú inú ìlú ò rí àwọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ títí tó fi darúgbó.

Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn ọkọ wọn. Inú kòtò èédú kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jáde láàárọ̀, wọ́n jọ ń wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ojú tó dúdú kirikiri, tó jẹ́ pé eyín nìkan ló ń funfun níbẹ̀. Ọjọ́ kan ni òkè kòtò wó lé wọn lórí, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kan. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Ní ìlú yẹn, kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ti awakùsà kún un fún òun.

Àwọn obìnrin lọ dúró lẹ́nu kòtò. Òjò pa wọ́n, oòrùn pa wọ́n, wọn ò kúrò. Wọ́n fi oúnjẹ lọ̀ wọ́n, wọn ò jẹ. Nígbà tó ṣe, ilé-iṣẹ́ tó ni kòtò náà gbé àwọn pósí jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti kàn wọ́n pa. Wọ́n ní ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú obìnrin lè gbà, pé kí kálukú máa rántí ọkọ rẹ̀ bó ṣe rí nígbà tó ń jáde nílé. Wọ́n sin wọ́n sórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, tẹ̀gbọ́n tàbúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò pẹ́ sígbà náà tí fèrè ilé-iṣẹ́ tún dún, tí iṣẹ́ sì tún bẹ̀rẹ̀.

Oyún wà nínú Aránṣọ nígbà náà. Ìyá Pupa ò bímọ rárá. Ọmọkùnrin tí Aránṣọ bí, àwọn méjèèjì ló tọ́ ọ. Bí ọmọ náà bá ké "Ìyá mi" láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn méjì ló máa ń dá a lóhùn, yóò sì ní ẹni tó súnmọ́ omi lòun ń bá wí.

Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á gun òkè lọ, wọ́n á tu koríko, wọ́n á gbálẹ̀ ojú ibojì méjèèjì, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Ìyá Pupa máa ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń ka ìwé ẹjọ́: òrùlé ń jò, ọmọ ti wọ iléèwé, Ìyàwó ti tún fi iyọ̀ ba ọbẹ̀ jẹ́. Nígbà tí eékún rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, Aránṣọ nìkan ló ń lọ. Bó bá ti dé, Ìyá Pupa á bi í bóyá koríko pọ̀, bóyá òjò wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, bóyá ó bá òun kí ọkọ òun. Aránṣọ á ní òun kí i. Ìyá Pupa á ní, "Kí ló wí?" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Láàárín àkókò yìí, ìlú náà ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní èédú tó kù nílẹ̀ ò tó ohun tí wọ́n ń ṣe wàhálà lé lórí, wọ́n tú ẹ̀rọ wọn palẹ̀, wọ́n kó o lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀lé wọn. Onígbàjámọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ di ibi tí ewúrẹ́ ń fara pamọ́ sí bí oòrùn bá mú. Iléèwé dá àwọn ọmọ tó kù jọ sínú kíláàsì kan ṣoṣo, nígbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n kúkú máa bá bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú ńlá tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá kéde pé ènìyàn ìlú náà ò pọ̀ tó ẹni tí wọ́n ń yan káńsù fún mọ́. Ìlú ńlá gbà á mọ́ra. Wọ́n tu pátákó orúkọ ìlú tó wà lójú ọ̀nà. Òpópónà tí wọ́n ń gbé jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú òpópónà kan nínú ìlú ńlá, kí àwọn tó ń kó ẹrù má baà ṣìnà, wọ́n fún tiwọn ní nọ́ńbà.

Ìyá Pupa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Ó ní òun sùn sí ìlú kan, òun jí ní ìlú mìíràn, ẹsẹ̀ òun tí kò lè gbé òun dé ẹnu ọ̀nà ló rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ò fi rẹ́rìn-ín. Aṣọ iṣẹ́ àwọn awakùsà ló ti rán látìgbà èwe rẹ̀, ó mọ ibi tó máa ń tètè ya lára ṣòkòtò ẹni tó ń rákò, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi awọ lé e lórúnkún. Ní báyìí, kọ́tìnnì ló ń rán, àti yúnífọ́ọ̀mù àwọn awakọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń kó wá fún un. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, ìlú ńlá ló ń gbé, ọ̀nà ìlú àtijọ́ yìí sì ni wọ́n fún un.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ parí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti káńsù. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n ní kó bọ́ ọ, inú àwọn ìyá méjèèjì sì dùn sí i. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ilẹ̀ orí òkè ti ń lanu. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ìlú láyé àtijọ́ ló ń rì, ibojì kan ti wọlẹ̀ lápá kan. Káńsù fẹ́ kó gbogbo òkú tó wà níbẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú ìlú ńlá kí òjò tó dé. Ìdílé kọ̀ọ̀kan lè rán ẹnì kan wá síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń hú tiwọn.

Lẹ́yìn tó lọ, Ìyá Pupa ti oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá ní, "Ìyàwó, wá jókòó."

"Mo ti jókòó, Ìyálé."

"Bí wọ́n bá ṣí i, bá mi wò ó. Má gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Eyín iwájú rẹ̀ lókè kán sí méjì níbi tó ti ń fi í ṣí ìgò. O rántí?"

"Mo rántí."

"Wọ́n ní ká má wò, mi ò sì wò. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu bí ọmọdé. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ènìyàn a máa wo òkú ọkọ rẹ̀."

Aránṣọ ṣèlérí pé òun á wò ó dáadáa. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ wò, kò sọ. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìjàǹbá náà, ó fi bọ́tìnnì bàbà tuntun sí aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, òwú onílọ́po méjì ló fi gán an. Òwú á ti jẹrà, aṣọ á ti di erùpẹ̀, ṣùgbọ́n bàbà kì í jẹrà. Ó rò ó pé bí wọ́n bá fún òun ní ọ̀kan péré nínú rẹ̀, ó ti tó òun.

Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tó gun òkè lọ. Àwọn agbẹ́lẹ̀ ti dé, wọ́n fi aṣọ bo imú, pósí tuntun méjì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé àga kékeré kan wá fún un, ó sì dúró tì í. Ibojì tẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́. Pákó pósí náà ti rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ẹni tó wà nínú kòtò fi ṣọ́bìrì kàn án jẹ́jẹ́, ó sì dún kò. Ó tún kàn án níbòmíràn, ó tún dún kò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ yọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo ọ̀gá rẹ̀.

Òkúta ló wà níbẹ̀. Òkúta eérú tó máa ń bá èédú jáde, èyí tí ilé-iṣẹ́ kó jọ bí òkè káàkiri ìlú, tí àwọn ọmọdé ń yọ̀ wálẹ̀ lórí rẹ̀. Àpò ìdọ̀họ tó ti já ló kù lára ohun tí wọ́n fi dì wọ́n. Ẹni tó tò wọ́n fara balẹ̀ tò wọ́n. Ó fi èyí tó tóbi síbi tí àyà yẹ kó wà, ó fi èyí tó kéré síbi ẹsẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ lè dà bíi ti ènìyàn.

Àwọn agbẹ́lẹ̀ kó òkúta náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò bóyá egungun wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí. Wọ́n bọ́ sí ti àbúrò. Nígbà tí wọ́n ṣí i, Aránṣọ dìde lórí àga, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò kí ẹnikẹ́ni tó lè dá a dúró, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ìka wá inú iyẹ̀pẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣó ló rí. Ó ń rí ìṣó ṣáá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló wá fà á lápá sókè.

"Màmá," ó ní, "ẹ má bínú."

Ó sọ fún un pé wọ́n ti ṣí ọ̀kan lápá kejì lánàá, bákan náà ló rí, wọ́n rò pé àṣìṣe ni. Ó ní òun gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá òun. Aránṣọ ní kó jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú pósí tuntun, kí wọ́n kàn án pa.

"Òkúta náà, Màmá?"

"Ìyálé mi ń dúró dè mí nílé. Má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé ilé wa."

Kò gba ọ̀nà ilé lọ. Ó lọ sí ìdí ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n ti tú irin rẹ̀, níbi tí Bàbá Fìtílà ń gbé. Bàbá yìí ló máa ń fún àwọn awakùsà ní fìtílà láàárọ̀, tó sì máa ń gbà á lọ́wọ́ wọn nírọ̀lẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó gbé pósí gun òkè lọ́jọ́sí, òun nìkan ló kù láyé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀pà sínú àwo. Ó rí iyẹ̀pẹ̀ lórúnkún aṣọ obìnrin náà, ó sì gbé ẹ̀pà sílẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀?" Aránṣọ bi í.

Bàbá náà ní bí àwọn ṣe ń gun òkè, pósí náà dagun, nǹkan kan sì yí gbirigbiri nínú rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ènìyàn kì í yí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà níwájú bojú wẹ̀yìn wo òun, òun náà wò ó, àwọn sì ń rìn lọ.

"Ẹ ò sọ fún wa."

"Ìyá, ẹ ti di igi lẹ́nu kòtò yẹn. Ẹ ò jẹ, ẹ ò mu, oyún sì wà nínú yín. Ibi tí wọ́n wà, bí a bá fọwọ́ kan òkúta kan, mẹ́wàá á tún wó. A ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé pósí jáde, ẹ sunkún, ẹ sì rìn. A rí i pé ẹ rìn. Ta ló fẹ́ wá là á fún yín pé kí ẹ padà lọ dúró?"

Èébú gbóná lẹ́nu Aránṣọ, ó fẹ́ bú u títí dé orí baba tó bí i. Ṣùgbọ́n ó wo arúgbó náà lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé èébú náà mì. Ó yí padà, ó lọ láìdágbére. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò fi ọ̀dọ̀ àgbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Pupa wà lójú fèrèsé. Ó ti wọ aṣọ tó dára, ó fi yẹtí sétí, ó kun àtíkè bí ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá kí. Aránṣọ ti ń ro ohun tó máa sọ láti ìsàlẹ̀ òpópónà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ó jókòó, ó tú gèlè rẹ̀.

"O rí i?" Ìyá Pupa bi í.

"Mo rí i, Ìyálé."

"Eyín ńkọ́?"

"Ìdajì ẹ̀ náà ló wà níbẹ̀. Bí ẹ ṣe wí i gẹ́lẹ́ ló rí."

Ìyá Pupa fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì jẹ́ kí ìró kankan jáde. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú rẹ̀, àtíkè ti di ilà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó bi í bóyá ó dùbúlẹ̀ dáadáa. Aránṣọ ní ó dùbúlẹ̀ dáadáa. Ó bi í bóyá bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Aránṣọ ní ìsàlẹ̀ bàtà nìkan ló kù. Bí irọ́ bá ti bí ọ̀kan, á bí èkejì. Ó ń fún un ní ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti orí dé ẹsẹ̀.

"Tìẹ ńkọ́, Ìyàwó?"

Aránṣọ ò tíì pèsè irọ́ kankan sílẹ̀ fún ara rẹ̀. "Mo rí àwọn bọ́tìnnì," ó ní.

"Wọ́n kù?"

"Gbogbo wọn."

"Òwú onílọ́po méjì," ni Ìyá Pupa wí, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. "Mo máa ń sọ ọ́. Ọwọ́ ẹ dára."

Aránṣọ ní òun fẹ́ lọ gbé omi kaná. Ẹ̀yìnkùlé ló lọ, ó bẹ̀rẹ̀ síbi omi, ó ń fọ ọwọ́, ó ń fọ̀ ọ́ ṣáá, títí Ìyá Pupa fi ń pè é láti inú ilé pé kí ló ń ṣe.

Ní ọjọ́ tí wọ́n tún wọn sin, ọmọ wọn fi bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ sí ìlú ńlá. Òun àti awakọ̀ kan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé Ìyá Pupa sọ̀ kalẹ̀ tàga-tàga. Itẹ́ òkú náà tẹ́jú, wọ́n to àwọn ibojì rẹ̀ bí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ìyá Pupa ní kí wọ́n sún òun mọ́ pósí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún un: eékún òun, ìlú tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, ọmọ tó ti di awakọ̀. Aránṣọ dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ń wo ìka pupa tó ń fi ìfẹ́ ra igi náà, ó sì bú sẹ́kún. Ọmọ rẹ̀ rò pé nítorí ọkọ rẹ̀ ló ṣe ń sunkún, ó fà á mọ́ra.

Ìyá Pupa kú ní àsìkò òjò ọdún yẹn. Ara rẹ̀ ò le púpọ̀. Oorun ọ̀sán ló sùn tí kò jí. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ òun ni kí wọ́n tẹ́ òun sí, wọ́n sì tẹ́ ẹ síbẹ̀. Lọ́jọ́ keje rẹ̀ ni Aránṣọ sọ òótọ́ fún ọmọ rẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n wà, ó ti dúró níwájú ilé, èrò ò sí nínú rẹ̀. Ọmọ náà bínú débi pé ó lu ìdarí ọkọ̀. Ó ní òun á lọ bá wọn, òun á pariwo, gbogbo ayé á gbọ́.

"Bá ta ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

Ọmọ náà ronú sí i. Ilé-iṣẹ́ ti tú, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ti kú tàbí wọ́n ti gbàgbé. Ìlú tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ pàápàá ò sí lórí pátákó mọ́. Ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀. Ó wá ní gbogbo ìgbà tóun ń wa bọ́ọ̀sì yìí lọ tó ń wà á bọ̀, ẹnu kòtò náà lòun ń gbà kọjá.

Kọnkéré ni wọ́n ti fi dí ẹnu kòtò náà, wọ́n sì fi wáyà yí i ká. Aránṣọ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di wáyà mú. Ó fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí Ìyá Pupa ṣe ń bá tirẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò wá. Ó kàn ń rò ó pé ìyálé òun lọ pẹ̀lú ìtùnú, ó sì ń jowú rẹ̀. Òun ló purọ́ fún Ìyá Pupa. Kò sẹ́nì kankan tó kù nílẹ̀ tó lè purọ́ fún òun. Ó dúró títí ọjọ́ fi rọlẹ̀, ó sì padà sílé tí kò sẹ́ni tó máa bi í pé, "Kí ló wí?"

Nígbà tí ògiri yàrá iwájú là láti òkè délẹ̀, ọmọ rẹ̀ ò tún gbọ́ àwáwí mọ́. Ó kó máṣíìnì ìránṣọ àti àpótí aṣọ rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Yàrá tí wọ́n fún un kọjú sí òpópónà tí kì í dákẹ́, ó sì ń rí aṣọ rán dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ìyàwó níbẹ̀.

Ìyá kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé náà máa ń wá jókòó tì í lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan ó bi í bóyá ọkọ rẹ̀ wà láyé. Aránṣọ gé òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó ní ó ti pẹ́ tó ti kú. Obìnrin náà bá a kẹ́dùn, ó sì béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí tòun wà ní itẹ́ òkú ìlú, wọ́n lè jọ máa lọ.

"Wọn ò sin ín," ni Aránṣọ wí. "Ibi iṣẹ́ ló wà."

Obìnrin náà bá a di ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ náà mú kó lè ráàyè gán etí rẹ̀.